Ìkíni Àlàmú Nínú Oko Òtòlò

Ní Mamobi, ní ìlú Accra, ẹni tó bá ń kánjú kì í gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Àlàmú. Télọ̀ ni Àlàmú, fìlà àti agbádá ló ń rán, ó sì gbé máṣíìnì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gan-an, níbi tí ẹ̀dá kankan ò ti lè kọjá kí ó má kí i. Bó o bá ru omi, á ní o kú ìpọnmi. Bó o bá jókòó, o kú ìjókòó. Bó o bá dúró, o kú ìdúró. Bó o bá ń sá fún òjò, á ní o kú eré, lẹ́yìn náà á béèrè ilé, á béèrè ọmọ, á béèrè ìyá rẹ àgbà tó wà l'Ọ́fà, títí òjò á fi bá ọ níbẹ̀, tí ẹ̀yin méjèèjì á wá jọ máa kí ara yín kú òjò.

Òun náà mọ ara rẹ̀. "Nígbà tí wọ́n ń pín ẹnu lọ́run," ló máa ń wí, "èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Nígbà tí mo gba tèmi tán, mo tún lọ tò sẹ́yìn." Á rẹ́rìn-ín, àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín, aṣọ tó ṣèlérí fún ọjọ́ Jímọ̀ á sì di ti Àlàmísì ọ̀sẹ̀ kejì.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Àmínátù. Accra ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti kàwé, ó gbọ́ Twi àti Gáà ju Yorùbá lọ. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlélógún, tí Àlàmú rò pé yóò gbaṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ní fáànù, oko màlúù ló lọ gbaṣẹ́ sí. Oko náà wà lẹ́yìn Tema, ní pápá tó tẹ́jú lọ títí dé ẹsẹ̀ òkè, opó kan tí wọ́n ń pè ní Madam Abena ló sì ni ín. Màlúù ń jẹ̀ ní apá kan. Apá kejì, Madam Abena fi wáyà yí i ká. Ó ní ìbọn ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, tàkúté ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dáná sun koríko ibẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo òtòlò tó ṣẹ́ kù ní àgbègbè yẹn sá sí. Ẹran ìgbẹ́ ni òtòlò, ó fara jọ àgbọ̀nrín, àmọ́ ó tóbi jù ú lọ, akọ rẹ̀ sì ní ìwo gígùn. Iṣẹ́ Àmínátù ni kó máa rìn káàkiri pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù, kó máa kọ èyí tó bá rí sílẹ̀: akọ wo ló ti darúgbó, abo wo ló bímọ, odò wo ni wọ́n ti mumi.

"Akọ̀wé ẹran!" ni Àlàmú ń pè é nílé. Àmọ́ bí àwọn oníbàárà bá béèrè ọmọ rẹ̀, á ní ó wà ní ọ́fíìsì. Kò purọ́. Ó kàn máa ń gbàgbé láti sọ fún wọn pé ọ́fíìsì náà ò ní òrùlé.

Ohun tó fẹ́ ni pé kí Àmínátù wálé, kó wá fẹ́ Mùnírù. Mùnírù ń ta símẹ́ńtì ní Tema, ó ń kírun, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ títí àyà rẹ̀ á fi kanlẹ̀, ó sì mọ èèyàn kí. Àmínátù ní èèyàn dáadáa ni lóòótọ́, pé iṣẹ́ òun ni òun fẹ́ràn. Láti Iléyá ni ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀, tí baba ń sọ ọ́ lásọtúnsọ, tí ọmọ sì ń dákẹ́.

Ọdún kẹrin òmìnira Ghana ni nǹkan wá yí padà. Ilé iṣẹ́ tuntun ń dìde ní Tema lójoojúmọ́, ilẹ̀ sì ń wọ́n. Àwọn kan kọ̀wé sí ìjọba pé kò sí ẹran kankan ní apá kejì oko Madam Abena, pé igbó lásán ni obìnrin náà fi wáyà yí ká. Ìjọba dáhùn pé àwọn á rán ẹnì kan wá wò ó. Bó bá fi ojú ara rẹ̀ rí òtòlò, àwọn á fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí kò bá rí wọn, wọ́n á pín in.

Àmínátù wálé lọ́jọ́ Àìkú, ó kúnlẹ̀ níwájú baba rẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Tí wọ́n bá gba ilẹ̀ yẹn, iṣẹ́ mi ti tán nìyẹn, màá wálé, màá fẹ́ Mùnírù. Tí wọn ò bá gbà á, ẹ ò ní bá mi sọ̀rọ̀ Mùnírù mọ́."

Àlàmú gbà kíá. Ó ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá sẹ́yìn, kò sì rí bí wọn ò ṣe ní gba ilẹ̀ náà. Ọjọ́ kejì ni Madam Abena ránṣẹ́ pé kí baba Àmínátù náà wá lọ́jọ́ tí ará ìjọba ń bọ̀, pé òun ò lè máa gbé ọmọ ọlọ́mọ sọ́dọ̀ kí baba rẹ̀ má mọ ibi tó ń sùn.

"Bàbá Àmínátù," ni Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu yín sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ yẹn. Màá bá yín tọ́jú rẹ̀."

Àlàmú rẹ́rìn-ín, ó wọ agbádá funfun tí wọ́n lù títí tó fi ń dán, èyí tó máa ń dún bí èèyàn bá mí nínú rẹ̀, ó sì wọ tírótírò, ọkọ̀ akérò, ní Nima lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Kí wọ́n tó dé Tema, ó ti mọ orúkọ gbogbo èrò inú ọkọ̀ àti ohun tó ń ṣe ìyá dírẹ́bà.

Madam Abena pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. Obìnrin kúkúrú ni, ó wọ bàtà rọ́bà, ó sì ní ojú ẹni tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní, "Àkwáábà," ìyẹn ni pé ẹ káàbọ̀. Àlàmú dá a lóhùn ní Twi bó ṣe yẹ, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ló dúró sí. Ó kí i kú ìdúró, ó kí i kú oko, ó kí i kú àfẹ́kù ọkọ tó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí ìkíni Twi tán lẹ́nu rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Twi túmọ̀ ti Yorùbá. Madam Abena tẹ́tí sí i tán, ó wo agbádá funfun náà lókè wò ó nílẹ̀, ó mú kóòtù kakí kan kúrò lára ìṣó, ó sì gbé e fún un kó fi bo agbádá.

Ará ìjọba ti dé ṣáájú rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó fi awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn kọ́rùn, ó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ léraléra. Nígbà náà ni Àmínátù jáde, ó kúnlẹ̀ kí baba rẹ̀. Ṣòkòtò ló wọ̀! Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà lọ́fun Àlàmú, àmọ́ ó rí i pé ará ìjọba ń wo òun, ó bá gbé wọn mì.

"Paapa," ni Àmínátù wí, "tí a bá ti wọ inú wáyà, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́ o. Òtòlò létí. Tí ẹ bá fẹ́ húkọ́, ẹ fi aṣọ dí ẹnu yín."

"Ìkíni ńkọ́?"

"Àbá, Paapa! Ìkíni náà, ọ̀rọ̀ ni."

Wọ́n rìn wọnú pápá. Láàárín ọ̀nà, Àmínátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ipa ẹsẹ̀ ẹran lórí erùpẹ̀, ó sì ní àárọ̀ yìí ni, mẹ́ta ni, ọ̀kan lóyún. Madam Abena dúró. Ará ìjọba, tí gbogbo Accra ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, òun náà dúró, ó ń wo ẹnu ọmọ Àlàmú. Kò sígbà kan rí tí Àlàmú dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ náà nílé, nítorí pé ọ̀rọ̀ òun fúnra rẹ̀ kì í tán. Ìyẹn yà á lẹ́nu, ó sì dùn mọ́ ọn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tètè rántí Mùnírù.

Wọ́n jókòó sínú àtíbàbà kékeré kan tí wọ́n fi koríko ṣe létí odò. Ó tó ìdajì wákàtí tí ẹnikẹ́ni ò fọhùn. Àlàmú kò dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, ètè ń yún un. Ó ka ìka ọwọ́ rẹ̀, ó ka bọ́tìnnì kóòtù. Lẹ́yìn náà ni etí kan yọ láàárín koríko lódìkejì odò, etí náà sì mì. Ará ìjọba rọra gbé awò rẹ̀ sókè.

Awò náà ò tíì kan ojú rẹ̀ nígbà tí Sàká yọ. Sàká ni olùṣọ́ ibẹ̀, ará Nima ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Láti ìdájí ló ti lọ yípo kó lè mọ ibi tí àwọn ẹran wà, ìgbà yìí ló ń rá bọ̀ lórí ikùn nínú oòrùn, tí òógùn bo ilà ojú rẹ̀. Àlàmú wò ó. Yorùbá ni, àgbà ni, ó ju òun lọ, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò ronú rárá. Ẹnu rẹ̀ ló dá ṣí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá! Ẹ kú oòrùn!"

Ẹ má fi gbogbo ẹ̀bi náà di ẹrù lé Àlàmú lórí. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí Sàká ti wà lóko yẹn láàárín Àkán àti darandaran, kò sì sẹ́ni tó kí i báyẹn rí níbẹ̀. Àmínátù pàápàá, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń kí i nítorí ẹran. Òun náà gbàgbé ara rẹ̀. "Oo! Ẹ kú ìjókòó o! Ẹ kú àlejò! Ilé ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni!"

Nígbà tí wọ́n fi máa dé orí àlàáfíà, koríko ti ń mì ní ọ̀nà jíjìn, eruku sì nìkan ló kù lódìkejì odò. Àìmẹ́nu, àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ará ìjọba sọ awò rẹ̀ kalẹ̀. "Ei, Alata!" ló wí, bí àwọn ará Ghana ṣe máa ń pe Yorùbá. Kò tilẹ̀ bínú, ó kàn dà bíi pé ó rẹ̀ ẹ́. Ó yíjú sí Madam Abena. "Madam, etí kan ni mo rí. Mi ò lè kọ etí kan sínú ìwé ìjọba." Ó wo aago rẹ̀, ó ní òun lè fún wọn ní wákàtí kan sí i ní odò kejì, lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sán á pọ́n, òun á sì máa lọ.

Àmínátù fa baba rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sídìí òkìtì ikán ńlá kan tó ga ju èèyàn lọ. Kò pariwo. "Bàbá, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

"Èmi? Àmínátù, mo fi Ọlọ́run..."

"Ẹ fẹ́ kí n wálé. Ẹ mọ̀ pé tí ọkùnrin yìí ò bá rí nǹkan kan, mo ti wálé nìyẹn. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Àlàmú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn eruku lára kóòtù. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, Ọlọ́run jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹran yẹn sá, inú rẹ̀ dùn. Ó tó ìṣẹ́jú kan tí ó fi ń fojú inú rí Mùnírù lórí ìdọ̀bálẹ̀, tó rí ọmọ-ọmọ lẹ́sẹ̀ máṣíìnì. Ojú tì í fún ìdùnnú náà ju ariwo lọ, kò sì lè sọ ìyẹn fún ọmọ rẹ̀.

"Ẹ jókòó síbí," ni Àmínátù wí. "Ẹ má tẹ̀ lé wa." Ó bá àwọn yòókù lọ sí odò kejì.

Àlàmú jókòó ti òkìtì ikán náà nínú kóòtù darandaran. Ó bú ara rẹ̀ ní Yorùbá, ó bú u ní Hausa, ó wá bú u ní Twi kí gbogbo Accra lè gbọ́ ọ, àmọ́ inú ló ti ń bú u. "Ìwọ bàbá ńlá yìí. Ọmọ rẹ ní kó o dákẹ́ fún wákàtí kan péré. Wọ́n bí ọ tán, o ò dákẹ́. Bó o bá kú, àwọn tó ń wẹ̀ ọ́ á ní láti dúró kó o kọ́kọ́ kí wọn kú ìwẹ̀." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde.

Ibẹ̀ ló wà tí nǹkan kan fi fọn imú lẹ́yìn òkìtì.

Akọ ló kọ́kọ́ yọ, pẹ̀lú ìwo rẹ̀. Àwọn abo tẹ̀ lé e, wọ́n ń rìn gẹ́lẹ́ gẹ́lẹ́, wọ́n ń já koríko jẹ. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ wọn wá sójú Àlàmú, nítorí náà wọn ò gbóòórùn rẹ̀, kóòtù náà sì mú kó jọ erùpẹ̀. Èyí tó sún mọ́ ọn jù kò jìnnà tó láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé ibi tábìlì tó fi ń lọṣọ. Abo ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ọmọ náà ń ta gọ́ọ́gọ́ lábẹ́ ikùn rẹ̀ tó ń wá ọmú. Àlàmú rí ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ti ń gbé ilẹ̀ Accra fún ọgbọ̀n ọdún, kò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú òun. "Ẹ kú ewu ọmọ" gun ọ̀fun rẹ̀ wá, ó dé ẹ̀yìn eyín rẹ̀. Ó pa eyín dé, ó sì gbé e mì.

Nígbà náà ni ó gbọ́ ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn tó lọ sódò kejì ti ń bọ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Òkìtì ikán dí wọn lójú, wọn ò lè rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, Àlàmú nìkan ni wọ́n ń rí. Ará ìjọba ti fi awò rẹ̀ sínú àpò. Àmínátù ló ṣíwájú, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó bínú, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Nígbà tó kù bí ogún ìṣísẹ̀, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ wí pé, "Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

Àwọn òtòlò gbé orí sókè, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Akọ fi ẹsẹ̀ kan dúró lófuurufú. Àlàmú rí i pé bí ohùn kejì bá jáde nítòsí ibi tóun wà yìí, ó parí. Kò dá ọmọ rẹ̀ lóhùn.

Àmínátù dúró. Gbogbo ọmọ Yorùbá mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ọmọ kí baba rẹ̀ kí baba má jẹ́ ẹ. Ìjà ilé ò dé ibẹ̀ yẹn. Baba tí kò bá jẹ́ kíkí ọmọ rẹ̀ ti yọ ọwọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn, níṣojú ẹlẹ́rìí. Ọmọ náà rọra gbé ìwé àti pẹ́ńsù rẹ̀ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ pátápátá, òun àti ṣòkòtò rẹ̀, sínú erùpẹ̀, ohùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́. "Ẹ kú ìjókòó, Bàbá mi."

"Oo" péré ni. Àlàmú mọ̀. Bí òun bá lè sọ "oo" kan ṣoṣo báyìí, ọmọ òun á mọ̀ pé òun ṣì ni baba rẹ̀, àwọn ẹran á sá, ilẹ̀ á lọ, Àmínátù á wálé kí Jímọ̀ tó pé, àwọn ẹbí Mùnírù á gbé obì wá. Gbogbo ohun tí òun ti ń sọ láti Iléyá, tí òun ò tíì rí gbà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń dúró dè. Ẹkún sì ń gbọ̀n ọmọ náà níwájú rẹ̀. Ojú Àlàmú kún fómi, ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Kò yí ọrùn. Ìka kan ṣoṣo ló gbé lórí orúnkún rẹ̀, ó fi tọ́ka sẹ́yìn òkìtì ikán.

Àmínátù wo ìka náà. Ó fi orúnkún rá síwájú díẹ̀, ó na ọrùn, ó sì rí ìwo. Láìyíjú padà, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbá ṣòkòtò ará ìjọba mú, ó sì fà á lulẹ̀ sínú erùpẹ̀. Ọkùnrin náà ṣubú, ó fẹ́ bínú, ó gbójú sókè, ó sì gbàgbé ìbínú. Kò wulẹ̀ wá awò rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sórí ikùn, ó mú ìwé jáde, ó kọ mẹ́rìnlá, ó tún wò, ó fi ọmọ tuntun kún un.

Àwọn òtòlò jẹun tán, wọ́n sì lọ nígbà tó wù wọ́n. Ará ìjọba dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó ní ohun tí òun rí náà ni òun á kọ, pé òun ò rò pé ẹnikẹ́ni á tún bá Madam du ilẹ̀ yìí. Madam Abena mú ọwọ́ Sàká, ó sì dì í mú fún ìgbà pípẹ́.

Àmínátù wá bá baba rẹ̀ níbi tó jókòó sí. "Bàbá, ẹ lè sọ̀rọ̀ báyìí."

Àlàmú mi orí. Ó fẹ́ sọ pé kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó fẹ́ sọ pé inú mi dùn nígbà àkọ́kọ́, kó o dárí jì mí. Ó fẹ́ sọ pé ilé á gbòòrò jù fún èmi àti ìyá rẹ. Èwo ni kí ó kọ́kọ́ mú níbẹ̀?

"Ẹ ṣàdúrà fún mi kí ẹ tó lọ," ni Àmínátù wí, ó sì kúnlẹ̀.

Ọkùnrin tó máa ń ṣàdúrà fún ẹni tó ra bọ́tìnnì kan gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó lanu, kò sì rí ọ̀rọ̀ kan mú. Omijé nìkan ló ń jáde. Àmínátù dúró lórí ìkúnlẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí àdúrà baba rẹ̀ máa ń gùn tó, èyí tí kì í ṣe kékeré, kó tó wí pé, "Àmín, Bàbá. Àmín."

Ará ìjọba ní òun á gbé e dé Accra. Dírẹ́bà ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un, ó sì kí i ní Twi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Àlàmú wọlé, ó jókòó, ó ń wo pápá láti ojú fèrèsé bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé títì Tema, dírẹ́bà fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé Alata yìí mà gbéraga o, pé kò mọ èèyàn kí. Àlàmú gbọ́ ọ, kò sì bá a jiyàn.